Ẹ fún wa ní yàrá, ẹ má fún wa lówó: lẹ́tà ṣíṣí sí maire àti ìgbìmọ̀ ìlú Àjàṣẹ́

Sí maire wa, àti gbogbo ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó sí ìgbìmọ̀ ìlú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo),

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àmójútó gbogbo wa. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohun tí mo wá tọrọ kò pọ̀, nítorí náà n ó kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó máa ṣàlàyé. Yàrá kan ni a fẹ́, tó ní iná, tó ní prise mélòó kan lára ògiri àti àga bí ọgbọ̀n, láti aago mẹ́ta ọ̀sán sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì sọ ẹni tí a ó máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún wa. Owó kò sí nínú rẹ̀. Bí owó náà bá tilẹ̀ wà nílẹ̀ tí ó ń wá ẹni tí yóò ná an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wa. N ó sọ ìdí rẹ̀ bí a bá débẹ̀.

Ta ni "wa" yìí? Àwa tí a ń kọ ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí wẹ́ẹ̀bù ni. Ọ̀kan nínú wa ló kọ ètò tí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan fi ń ṣírò máàkì àwọn ọmọ. Òmíràn ṣe sáìtì fún oníṣòwò aṣọ ní Ouando. Àwọn kan ń kọ́ PHP, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ sáìtì, lórí fóònù nítorí pé wọn kò tíì rí owó laptop. A wà ní Djassin, a wà ní Attakè, ní Catchi, ní Oganla. Àwọn míì wà ní Dangbo, lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò IMSP. Kálukú ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, ó ń bá wàhálà kan náà wọ̀yá ìjà. Ohun tí ẹnì kan fi gbogbo ọ̀sẹ̀ wá ní Djassin, ẹlòmíì ti yanjú rẹ̀ ní Catchi lóṣù tó kọjá, àwọn méjèèjì ò sì mọra.

Irú ìpàdé tí mò ń sọ yìí ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1955, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń lo ẹ̀rọ IBM ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní SHARE, kí wọ́n lè máa fún ara wọn ní ètò tí wọ́n bá ti kọ, kí ẹni tó kàn má baà tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta 1975, àwọn tí kọ̀ǹpútà wù péjọ sínú gáréèjì Gordon French ní Menlo Park, ní California. Homebrew Computer Club ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà, inú rẹ̀ sì ni Steve Wozniak ti gbé kọ̀ǹpútà Apple àkọ́kọ́ jáde fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò. Gáréèjì lásán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ o. Kò sí ẹni tó wá gé rìbọ́ọ̀nù. Ní ilẹ̀ Faransé lónìí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo PHP, AFUP, ní ẹ̀ka káàkiri ìlú wọn, wọ́n sì máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ láti sọ̀rọ̀ kóòdù, ìyẹn ohun tí a kọ tí ètò fi ń ṣiṣẹ́, kí kálukú tó gba ilé rẹ̀ lọ.

Bí yóò ṣe rí níbí nìyí. Ẹnì kan á so laptop rẹ̀ mọ́ vidéoprojecteur, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, á fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú fi ohun tó kọ hàn wá, pàápàá ibi tó ti bá a le. A ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ètò tirẹ̀ kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ á ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni méjì mẹ́ta á kó ara wọn jọ sí i lórí. Ó tán. Nínú gbogbo rẹ̀, apá kejì yẹn ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ tó ń bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀ láàárín èrò ti máa ń lanu.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín yóò béèrè pé, ṣé kò sí irú rẹ̀ ní Kútọnu ni? Ó wà. Google Developer Group, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ ètò, wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà Epitech wà níbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbani síṣẹ́ náà pọ̀ níbẹ̀. Bí 30 kìlómítà ni, lójú máàpù kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ dé, tó wá parí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ta ni yóò gbé akẹ́kọ̀ọ́ padà wá sí Àjàṣẹ́ ní wákàtí yẹn, ká má tíì sọ Dangbo? Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú zémidjan (ọ̀kadà) ní ìlú méjèèjì, lè gba gbogbo owó dátà tí ọmọ náà fẹ́ fi kàwé lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn tó wà ní Pọ́bẹ̀, ní Sakété, àti ní Kétu lọ́hùn-ún níbi tí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà, ọ̀dọ̀ wa níbí ni ojú ọ̀nà wọn ń gbà kí wọ́n tó dé Kútọnu. Bí ìpàdé bá wà ní Àjàṣẹ́, wọ́n lè wá kí wọ́n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. (Àwọn ará Ṣábẹ̀ ní tiwọn, ọ̀nà wọn kò gba ọ̀dọ̀ wa, àwọn ni yóò kọ lẹ́tà tiwọn sí maire wọn.)

A sì ti rí i tẹ́lẹ̀ pé àwọn ènìyàn lè kúrò níbòmíràn wá kọ́ nǹkan ní ìlú wa. Láti 1985 tí Fádà Godfrey Nzamujo ti dá Songhaï sílẹ̀, àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń ti ìta Benin wá bá wa níbí. Ní ti kóòdù, Django, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń kọ sáìtì pẹ̀lú èdè Python, ọ́fíìsì ìwé ìròyìn kan ní Lawrence, ní Kansas, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2005. Lawrence kò tó Àjàṣẹ́ ní èrò rárá. Ìkànìyàn 2013 ka àwa sí 264,320.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí a fẹ́ jókòó sọ, kí ẹ má baà rò pé ṣe ni a fẹ́ wá máa tún ohun tó wà lórí YouTube sọ fún ara wa. Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ wa. Ọmọkùnrin kan wọ ilé ẹ̀kọ́. Lórí ìwé ìbí rẹ̀, Chégoun ni wọ́n kọ, bí akọ̀wé ṣe fi etí Faransé gbọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ka ìwé Yorùbá tó ti Nàìjíríà wá, Ṣẹ́gun ni òun ń kọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ àkọtọ́ tí orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí fún àwọn èdè ilẹ̀ wa ní 1975, èyí tí wọ́n tún tò lẹ́yìn náà. Shɛ́gun ni tirẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni o. Lójú database, ìyẹn ibi tí ètò ń kó orúkọ pamọ́ sí, ọmọ mẹ́ta ni, àfi bí ẹni tó kọ ètò náà bá ti rò ó tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ìwé ìbí ìlú wà lọ́wọ́ yín, ẹ mọ ohun tí mò ń wí dáadáa.

Bó ṣe rí lójú nìyẹn. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ tún le jù ú lọ. Inú Unicode, tí í ṣe àkójọ nọ́ńbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, wọn kò fún lẹ́tà "ọ́" ní nọ́ńbà kan tó dá dúró. Ẹ̀rọ kan lè kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ pẹ̀lú àmì ohùn, ìyẹn nọ́ńbà méjì. Ẹ̀rọ míì á tú u sí o, àmì abẹ́, àti àmì ohùn, nọ́ńbà mẹ́ta. Ẹ wò wọ́n títí, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ bá fi fóònù tẹ orúkọ náà, tí olùkọ́ wá fi kọ̀ǹpútà wá a, ètò náà lè dáhùn pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí ní ilé ẹ̀kọ́ yìí. Oògùn rẹ̀ kò ṣòro: kí a sọ gbogbo orúkọ di ìrísí kan, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kí a tó fi í pamọ́, kí a sì ṣe bákan náà fún ohun tí ẹni tó ń wá nǹkan bá tẹ̀. Irinṣẹ́ rẹ̀ ti wà nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ ètò: JavaScript ti ní normalize láti 2015, PHP ní Normalizer, Python ní unicodedata. Ìlà kóòdù kan péré ni.

Ìlà kan yẹn kò wá ran lẹ́tà ɔ lọ́wọ́. Lẹ́tà ọ ṣeé tú palẹ̀: o ni, pẹ̀lú àmì abẹ́, bí a bá fẹ́, a yọ àmì náà, o á kù. Ɔ kò ní ohun tí a lè yọ lára rẹ̀, lẹ́tà odidi ni. Ɛ náà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ará Ìfọ̀nyìn níhìn-ín àti ará Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà máa rí orúkọ ara wọn nínú ètò kan náà gbọ́dọ̀ jókòó kọ àtẹ tí yóò fi ɔ wé ọ, ɛ wé ẹ, sh wé ṣ, kp wé p, kó tún wá ọgbọ́n sí ch àti ou tí Faransé fi sílẹ̀ fún wa. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan ní òkèèrè tí yóò kọ àtẹ yẹn, nítorí kò sí ẹni tó ń dà láàmú níbẹ̀. Ó dá mi lójú pé ó ju ẹnì kan lọ ní ìlú yìí tó ti kọ ọ́, kálukú ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, tí tọ̀tún sì ní àléébù tí tòsì kò ní. Fún wa ní ọ̀sán Sátidé kan, a ó pa wọ́n pọ̀, a ó sì gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó. Mairie náà lè lò ó.

Ọ̀rọ̀ owó náà ní tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ń so sáìtì oníṣòwò pọ̀ mọ́ owó orí fóònù, nípasẹ̀ FedaPay tàbí KkiaPay, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá lọ da kóòdù tí wọ́n kọ fún yúrò kọ, kó ṣọ́ra. Yúrò ní sẹ́ǹtì. Sẹ́fà kò ní nǹkan kékeré tí à ń ná lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ètò ilẹ̀ òkèèrè a máa sọ iye owó di ìlọ́po 100 kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, nítorí sẹ́ǹtì yẹn. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí aṣọ 5,000 sẹ́fà, 500,000 ni oníbàárà yóò bá lójú fóònù rẹ̀, á sì sá. Èyí sàn, torí pé ojú rí i. Èyí tó ń pa oníṣòwò lára ni ìgbà tí oníbàárà ti tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá já kí ojúewé tó yí padà. Sáìtì tó gbójú lé browser nìkan, ìyẹn ohun tí oníbàárà fi ń wo sáìtì, á ní kò tíì sanwó, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ owó ń rán tààrà sí sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sáìtì wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní webhook, ni ká gbójú lé; ká tún padà bi wọ́n léèrè bóyá lóòótọ́ ni, nítorí ẹnikẹ́ni lè rán ayédèrú; ká sì mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà lè dé lẹ́ẹ̀mejì, kí a má lọ kó ẹrù méjì fún ẹni tó san owó ẹyọ kan. Mo mọ ẹni tó pàdánù ọjà lórí èyí tó gbẹ̀yìn yìí. Ẹni tó kọ sáìtì rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀, kò kàn rí ẹni tí yóò sọ fún un ni.

Èdè tí a ó sọ? Gbogbo èyí tó bá wọlé. Ìwé àlàyé iṣẹ́ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́. Nílé, Yorùbá tàbí Gùn ni. Mo ti rí ọmọ tó ń fi Faransé kálòlò níwájú ojúewé rẹ̀, tí wọ́n ní kó sọ ọ́ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, tó sì bá àṣìṣe náà kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

Wàyí o, owó. Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ bí atelier, ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ṣe máa ń rí ju èmi lọ: bánà ńlá lára ògiri, ìkíni káàbọ̀ mẹ́rin, fọ́tò, pause-café, oúnjẹ ọ̀sán, lẹ́yìn náà per diem, owó ìjókòó, nínú àpòòwé. Ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ ṣe irú rẹ̀ fún wa nígbà kan. Wọ́n pín T-shirt, wọ́n gba orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo wa, a kò gbúròó wọn mọ́. T-shirt náà dára o, mo ṣì fi ń sùn. Ẹni tó bá wá nítorí àpòòwé, ọjọ́ tí àpòòwé bá tán ni yóò dágbére. Bí owó bá sì wọlé, akápò gbọ́dọ̀ wà, ìwé ìṣirò gbọ́dọ̀ wà, ẹnì kan á fẹ́ jẹ alága, ẹlòmíì á ní òun ló dá a sílẹ̀. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ẹgbẹ́ á di méjì, kò sì ní sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kóòdù mọ́ nínú méjèèjì. Ohun tí a fẹ́ ṣe, àáró ni, bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é lóko: lónìí a ro tìrẹ, lọ́la a ro tèmi.

Ohun tí yóò ná wa kò sì tó nǹkan. Vidéoprojecteur wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wa. Kálukú á gbé omi rẹ̀ wá. A kò béèrè wifi. Ohun tí a bá nílò, a ó ti gbà á sórí kọ́kọ́rọ́ USB láti ilé. Bí iná bá lọ, bátìrì laptop á gbé wa díẹ̀, bó bá sì kú, pátákó àti ẹfun wà. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń kọ́ni dáadáa sí i lórí pátákó, nítorí wọn kò lè sáré. A kò ní fi Meetup, sáìtì tí wọ́n fi ń ṣètò ìpàdé, pe ara wa jọ, nítorí ẹni tó ń ṣètò ìpàdé ní láti máa sanwó fún wọn. WhatsApp tó wa, pẹ̀lú ìwé kan tí a ó lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà yín bí ẹ bá gbà.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́: obìnrin ni mí, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ nílé bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ìpàdé alẹ́ ti pa àwọn ọmọbìnrin dà sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé wọn kò gbọdọ̀ wá. Ní 2014, àwọn obìnrin méjì bẹ̀rẹ̀ Django Girls ní Berlin, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn obìnrin tí kò kọ kóòdù rí. Ìwé ẹ̀kọ́ wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì wà ní Faransé pẹ̀lú. Mo fẹ́ kí a ya Sátidé kan sọ́tọ̀ lọ́dún fún ìyẹn nìkan. Bí yàrá náà bá wà lẹ́bàá títì, níbi tí zémidjan ti ń kọjá, ó tún dára sí i.

Sátidé ni mo mú nítorí Jímọ̀ àti Sunday ní ẹni tó ni wọ́n. Ọjà Adjarra, tó ń yí lọ́jọ́ mẹ́rin mẹ́rin, á máa bọ́ sí Sátidé nígbà míì. Àwọn tó ń bá ìyá wọn pàtẹ á pẹ́ dé, a ti mọ̀.

Ní ti yàrá, ọ̀kan nínú àwọn ọ́fíìsì arrondissement márààrún ìlú yìí lè ní ibi tí wọn kì í lò ní ọ̀sán Sátidé. Ilé-ìkàwé orílẹ̀-èdè náà wà níbí ní Àjàṣẹ́. Mo mọ̀ pé abẹ́ ìjọba orílẹ̀-èdè ló wà, kò sí lábẹ́ yín, ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti ọwọ́ maire jáde lọ bá wọn, wọn yóò kà á yá ju tèmi lọ.

A ó fi orúkọ ẹni mẹ́ta sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé yín, pẹ̀lú ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ wọn. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nínú yàrá náà, àga ni o, gílóòbù ni o, àwọn mẹ́ta yìí ni kí ẹ mú. Ẹ gbà wá láàyè fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ẹ bá wá yọjú, tí ẹ kò rí ju ẹni mẹ́rin lọ, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Bí ẹ bá sì wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá láìsí kámẹ́rà, kí ẹ jókòó sẹ́yìn, kí ẹ béèrè ohun tó bá ta kókó lójú yín.

Èmi ọmọ yín,
ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ ètò wẹ́ẹ̀bù ní Djassin, Àjàṣẹ́